Ìpàdé Ọ̀gá Gbólóhùn-Kan

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìpàdé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí, torí yóò bà yín nínú jẹ́. Ẹ̀yin tí ìpàdé ti fi ojú yín rí màbo ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó ń fi pè é bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Gbólóhùn-Kan ni wọ́n ń pè é. Ìdí ni pé bó bá ti dìde láti sọ̀rọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ sọ." Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé omi kaná sílẹ̀ nílé kó yáa pe aládùúgbò kó bá òun sọ̀ ọ́, torí gbólóhùn ọ̀hún lè máà tán títí ọ̀sán. Ó ga, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ohùn ara rẹ̀ dùn létí rẹ̀ ju ohunkóhun lọ láyé.

Kí àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé tó dé, gbọ̀ngàn ńlá tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì ni Gbólóhùn-Kan ti máa ń ṣèpàdé. Ó ń gbádùn rẹ̀, àmọ́ ohun kan wà tó máa ń dùn ún: àwọn èèyàn máa ń sùn. Akápò, ẹni tó ń ṣọ́ owó ọ́fíìsì, tiẹ̀ hanrun lọ́jọ́ kan débi pé Gbólóhùn-Kan rò pé ẹnì kan ń ta ko òun ni.

Nígbà tí ìjọba wá kéde kónílé-ó-gbélé, tí wọ́n ti gbogbo ilé ìwé, tí àwọn oníṣòwò jókòó sílé tí wọ́n ń wo ògiri, ayé le mọ́ gbogbo èèyàn. Gbólóhùn-Kan nìkan ló rí ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi ìpàdé orí kọ̀ǹpútà hàn án. Ó rí ojú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tò bí ẹyin inú páálí. Wọ́n tún fi bọ́tìnì kan hàn án tó jẹ́ pé bó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn gbogbo wọn á pa, tirẹ̀ nìkan ni yóò máa dún. Ẹ gbà mí gbọ́, omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Báyìí ló ṣe yẹ kó rí látìgbà ìwáṣẹ̀!" ló wí.

Ó ṣòfin lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ẹnu nínú ìpàdé. Bí ọ̀gá bá dánu dúró láti mí, kí gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá sọ ohun tó wúwo, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí wọn ò bá mọ ohun tó wúwo ńkọ́? Gbogbo ohun tí ọ̀gá bá sọ ló wúwo. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, lójoojúmọ́, wọ́n ń mi orí. Ọrùn ń dùn wọ́n. Ìyàwó Akápò ń fi omi gbígbóná pa á lọ́rùn lálaalẹ́.

Nínú àwọn ẹyin inú páálí wọ̀nyí, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bẹ ilé ìwé wò, Ìyá Alábẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Ara Ìyá Alábẹ̀wò kì í gba ìjókòó. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ wà káàkiri ìlú tí wọn ò ní kọ̀ǹpútà, tí wọn ò ní dátà, tí ìwé kíkà ti ń fò lọ kúrò lórí wọn bí òórùn ọṣẹ. Òun sì rèé, ó ń mi orí. Ó lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe.

"Àbúrò mi, ṣé kò sí bí mo ṣe lè wà níbẹ̀ kí n má sì sí níbẹ̀?"

"Ó wà, mà. Ẹ jókòó síwájú fóònù yìí kí ẹ ṣe bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn?"

"Ẹ ṣáà máa mi orí, mà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tó. Ẹ wá pàtẹ́wọ́."

Ọkùnrin náà ká a sílẹ̀ sínú fídíò, ó ṣe é kó máa pa dà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bó bá ti tán. Láti ọjọ́ kejì lọ, fídíò ló ń ṣèpàdé, Ìyá Alábẹ̀wò wà nígboro. Ó ta Akápò lólobó, Akápò sọ fún ẹni kejì rẹ̀, ẹni kejì rẹ̀ sọ fún gbogbo ayé. Kó tó pẹ́, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan mọ́ nínú ìpàdé àfi Gbólóhùn-Kan. Kódà Akọ̀wé rẹ̀, ẹni tó máa ń yìn ín títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ti ṣe tirẹ̀. Òun ló tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ jù nínú fídíò. Ní gbogbo àsìkò tí fídíò ń pàtẹ́wọ́ yẹn, Akọ̀wé ń gbé ọṣẹ ìfọwọ́ kiri lórí kẹ̀kẹ́, ó ń já a fún àwọn tó bá fi fóònù pè é. Òwò náà sì ń lọ dáadáa.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ojú Gbólóhùn-Kan fọ́ ni. Kò fọ́. Ó rí i pé aṣọ kan náà ni kálukú ń wọ̀ lójoojúmọ́, ó sì yìn wọ́n: "Ẹ wo ìfọkànsìn! Ẹ̀yin fúnra yín ti yan aṣọ iṣẹ́." Wọ́n mi orí. Ó rí i pé ológbò kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn Akápò láràárọ̀, ibì kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. "Akápò, ṣé ológbò rẹ kò mọ eré míì ṣe ni?" Akápò mi orí, ó rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn-Kan náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò sùn mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò jáde mọ́, ó ní ọ̀rọ̀ òun ti ń wọ̀ wọ́n lára. Ló bá fi kún àsìkò ìpàdé.

Kí ni Ìyá Alábẹ̀wò wá ń ṣe nígboro? Ó ń ra búrẹ́dì. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì fún ilé ìwé, òwò rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí ilé ìwé tì. Ó wá ra kẹ̀kẹ́, ó ń gbé búrẹ́dì lọ bá àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọjọ́ kan ni Ìyá Alábẹ̀wò di ọ̀rá búrẹ́dì mú, tó ń wò ó síwá-sẹ́yìn.

"Oníbúrẹ́dì, ọ̀rá yín yìí ṣófo o. Kò sí nǹkan lára rẹ̀ ju orúkọ yín lọ."

"Kí lẹ tún fẹ́ kó wà lára rẹ̀, mà? Bọ́tà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ẹ̀kọ́ sí i. Ilé tí mi ò lè dé ni ẹ̀ ń dé láràárọ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn kékeré kan, ìṣirò díẹ̀, ìbéèrè méjì mẹ́ta. Ọmọ tó bá dáhùn, tó gé e kúrò lára ọ̀rá, tó fi rán ẹni tó gbé búrẹ́dì wá, wọ́n á máàkì rẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyá wọn lẹ́nu pé kí wọ́n ra búrẹ́dì. Òwò gbérí. Nígbà tí àrùn náà lọ, tí ilé ìwé ṣí, ọ̀pọ̀ ọmọ ò pa dà síbẹ̀ torí wọ́n ti wọ iṣẹ́ pẹ̀lú òbí wọn. Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n máa wá sí abẹ́ ilé òun ní ọ̀sán nígbà tí ààrò bá ń sinmi. Orí àwọn pákó tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí ni wọ́n ti ń kàwé. Ìyẹ̀fun máa ń wà lára wọn bí wọ́n bá ń lọ sílé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, gbogbo ọ́fíìsì míì ti pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn-Kan kọ̀. Ó ní òun ò lè pa dà sí ayé àtijọ́. Ó sì ní ìdí: ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ ní olú iléeṣẹ́, Ẹ̀ka Ìmọ̀tuntun Lẹ́yìn Àjàkálẹ̀ Àrùn, àti pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí rẹ̀. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tó ní gbohùngbohùn mẹ́fà sì wà níbẹ̀. Ipò yẹn ni Gbólóhùn-Kan ń fi ojú oorun rí. Ó fẹ́ ẹ débi pé bó bá ń jẹun, á gbàgbé ṣíbí sẹ́nu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ìyàwó rẹ̀ ra búrẹ́dì wálé. Gbólóhùn-Kan ka ara ọ̀rá. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló fún wọn láṣẹ láti máa kọ́ àwọn ọmọ láìsí àwòrán mi níbẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé orí sókè. Ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ àwòrán òun sára ọ̀rá, kó tóbi, kí gbogbo oyè òun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Oyè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí kò fi sí àyè fún ẹ̀kọ́ mọ́. Ibi tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, wọ́n kọ "Ẹ̀kọ́ Ń Bọ̀ Láìpẹ́" sí i. Tàdáwà dúdú nìkan sì ni oníbúrẹ́dì ní, nítorí náà àwòrán náà dúdú, ó gbẹ, Gbólóhùn-Kan sì ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ti rí ẹ̀yìn ayé.

Kí lẹ rò pé àwọn èèyàn máa rò? Wọ́n rò pé ó ti kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti kí ìyàwó rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ọ̀nà jíjìn dé, ó gbá ọ̀rá búrẹ́dì mọ́ àyà, ó ń ké.

"Yéè! Àbúrò mi! Alẹ́ àná ni mo fẹ́ jẹun ni mo rí i!"

Gbólóhùn-Kan fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó pariwo, ó fi búrẹ́dì nà án lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé kí ló dé tó wà láàyè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì á kọ́gbọ́n. Gbólóhùn-Kan wo èrò tó wà níta, ó rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ó rí omijé, inú rẹ̀ sì dùn. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi!" Ó ní kí wọ́n má yọ àwòrán náà o.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń kọ búrẹ́dì náà. Wọ́n ní búrẹ́dì òkú ni. Abẹ́ ilé oníbúrẹ́dì tí ọmọ máa ń kún, ó ń dá páropáro. Inú Ìyá Alábẹ̀wò bà jẹ́ gidi. Àwọn ọmọ tí òun fi ẹsẹ̀ wá kiri títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ló tún ń pàdánù yìí, torí àwòrán ẹnì kan. Ó lọ bá Gbólóhùn-Kan ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa yọ àwòrán yẹn. Àwọn ọmọ ò wá mọ́."

"Ìyá Alábẹ̀wò, ohun gbogbo ló ní ètò. Ẹ sọ ọ́ nínú ìpàdé."

"Ìpàdé tí a ò gbọdọ̀ la ẹnu, sà?"

"Ẹ sọ ọ́ nínú ọkàn yín. Mo máa rí i lójú yín."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì jáde. Lọ́jọ́ kejì, Gbólóhùn-Kan wo ojú rẹ̀ nínú ìpàdé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti gbà pẹ̀lú mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Alága ìgbìmọ̀ tó ń wá olórí fún ẹ̀ka tuntun pe Gbólóhùn-Kan fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó ní ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni òun ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Gbólóhùn-Kan kò kanlẹ̀ mọ́. Ó gba orí ẹ̀rọ lọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́rú, Alága ń bọ̀. Yóò jókòó tì mí, yóò wò yín, yóò sì bi yín ní ìbéèrè. Kí kálukú múra. Iṣẹ́ mi, ọlá mi, ọjọ́ iwájú mi, ọwọ́ yín ló wà. Ṣé ẹ gbọ́ mi yé?"

Wọ́n mi orí. Ológbò bẹ́ sílẹ̀. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ já. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó gbọ́: kò sí.

Ọjọ́rú dé. Alága wọ ọ́fíìsì, ó ń wo àga tó ṣófo, ó ń wo eruku orí tábìlì.

"Àwọn òṣìṣẹ́ yín dà?"

"Ìmọ̀tuntun nìyẹn, mà! Ọ́fíìsì tí kò sí èèyàn! Wọn ò sí níbì kankan, wọ́n sì wà níbi gbogbo."

Ó mú un lọ síwájú ẹ̀rọ ńlá tó gba gbogbo ara ògiri. Ojú gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn-Kan sọ̀rọ̀. N kò ní tún un sọ fún yín, torí mo fẹ́ràn yín. Alága fara dà á títí, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí ohùn wọn." Gbólóhùn-Kan tẹ bọ́tìnì. Kò sí ohùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́?"

Wọ́n mi orí.

"Báwo ló ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́?"

Wọ́n mi orí.

Alága sún mọ́ ògiri. "Ṣé iná ń jó nílé yín báyìí?"

Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́.

"Wọ́n ní ìgboyà, mà," ni Gbólóhùn-Kan wí. Òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀.

"Ṣé ọ̀gá yín yìí yẹ fún ipò tuntun?" Wọ́n mi orí. Gbólóhùn-Kan mí kanlẹ̀. "Ṣé ó yẹ kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?"

Wọ́n mi orí. Èyí tó wá burú jù ni pé ibi tí ìpàtẹ́wọ́ wà nínú fídíò wọn bọ́ síra lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ilé iṣẹ́ pátá ló pàtẹ́wọ́.

"Ẹ má mi orí!" Gbólóhùn-Kan ń fò sókè níwájú ògiri. "Mo ní ẹ má mi orí! Akọ̀wé! Èmi ni o! Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Wọ́n mi orí.

Alága jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kó pe ẹnì kan nínú wọn lórí fóònù. Gbólóhùn-Kan yọ fóònù. Ó pe Ìyá Alábẹ̀wò, torí òun ló ń rẹ́rìn-ín dáadáa jù. Aago dún níbi kan. Lórí ògiri, Ìyá Alábẹ̀wò ń mi orí. Nínú fóònù, ohùn rẹ̀ ń lọ geere:

"Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí pa dà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ra fún ààrò yẹn o!"

Alága dìde. "Ibo ni ààrò yẹn wà?"

Wọ́n jọ lọ. Gbólóhùn-Kan jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹrù. Lábẹ́ ilé oníbúrẹ́dì, àwọn ọmọ díẹ̀ tó kù jókòó sórí pákó. Ìyá Alábẹ̀wò rí ọ̀gá rẹ̀, kò sì sá. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo wà nípàdé, mo sì wà níbí." Kò tọrọ ohun míì ju pé kí ẹ̀kọ́ pa dà sára ọ̀rá.

Alága mú ọ̀rá kan, ó na án sí ọmọbìnrin kan níwájú. "Kà á fún mi." Ọmọ náà fi ìka tọ àwọn oyè náà, ó ń kà wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì, ó dé ìsàlẹ̀: "Ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láìpẹ́."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?" Alága bi í.

"A ò mọ̀, mà. A ṣì ń retí ẹ̀."

Alága yíjú sí Gbólóhùn-Kan. Òun náà ò mọ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wú àyà.

"Mà, gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ sọ."

"Mo fún yín. Ẹyọ kan."

"Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, lẹ́yìn náà..."

"Ó ti tán," ni Alága wí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ọmọ, ó sì ní kí oníbúrẹ́dì pa àwòrán náà rẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Alábẹ̀wò lọ́wọ́. Ìyẹn ní òun á gbà á bí kò bá sí ìpàdé níbẹ̀.

Bí Gbólóhùn-Kan ṣe dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì. Ó jókòó tì í, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un: ìwà ọ̀dàlẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ìwà àfojúdi Alága, gbogbo bí wọ́n ṣe já a jù sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń mi orí.

"Ṣé ohun tí wọ́n ṣe fún mi yìí dáa?"

Ó mi orí.

Gbólóhùn-Kan wo orí tó ń mì náà. Òtútù mú un láti ẹsẹ̀ dé orí. "Ìwọ náà? Kí ni mo sọ tán báyìí?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá wọn. Mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí etí mi ti fẹ̀yìn tì."

Ojú tì í. Ojú tì í gidi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà sọ̀rọ̀. Màá gbọ́."

Obìnrin náà wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ibà mú mi nígbà kónílé-ó-gbélé, tí mò ń pè yín láti yàrá, ẹ rántí? Ẹ na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́, ẹ wà nípàdé. Mo rò pé àrùn yẹn ni. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo máa kú sí, màá sì máa gbọ́ ohùn yín lára ògiri títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi." Ó ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ọdún tó ti ń kó o pamọ́ kì í ṣe kékeré. Gbólóhùn-Kan tẹjú mọ́ ọn. Ó ń mi orí wẹ́rẹ́, ó ń mi orí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò bá Alága sọ jọ, ó sì ti dé ibi tó dùn.

Ìyàwó rẹ̀ dánu dúró.

"Bàbá wọn. Kí ni mo sọ?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo àjà, ó wo àlùbọ́sà. Nígbà tí kò rí nǹkan kan sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.